Ẹ Má Wó Ilé Bàbá Yín, Ẹ Fi Kún Un

Nígbà tí kòkó bá ti tà tán, tí owó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀, ohun kìíní tí ó máa ń wá sí ọkàn ọmọ tí ó ní láárí ni pé kí òun mú ilé bàbá òun gbòòrò sí i. Èrò rere ni èyí, àwa sì yìn ín. Ohun tí a kò yìn ni ọ̀nà méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń gbà ṣe é. Àwọn kan a wó ilé àtijọ́ palẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn a lẹ iyàrá búlọ́ọ̀kù mọ́ ògiri alámọ̀, wọn a sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo rẹ̀ kí ó lè dà bí ilé tuntun. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ń pa ilé run. Èkejì kàn ń lọ́ra ni.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó mú kí àwọn bàbá wa kọ́lé bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ògiri wọn nípọn, ooru ọ̀sán kì í sì tètè là á kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò àti oòrùn. Àgbàlá sì ń fún gbogbo iyàrá ní ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Amọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ńtì kì í bá a wú, kì í sì í bá a súnkì. Nítorí náà ni ó ṣe ń sán. Omi a gba ojú sísán náà wọlé, kì í sì í rí ọ̀nà jáde. Ẹsẹ̀ ògiri a máa rà nínú títí yóò fi wó. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa fúnra wa ni a ń la ògiri lẹ́nu.

Báwo ni a ṣe lè fi iyàrá kún ilé láìba ilé jẹ́? Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Kí iyàrá tuntun wà lẹ́yìn ilé tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ojú ilé má baà yí padà. Kí ó ní ìpìlẹ̀ òkúta tirẹ̀. Kí a po amọ̀ tí ó jọ ti àtijọ́, kí a mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Kí ògiri tuntun gbẹ, kí ó sì jókòó dáadáa, kí a tó fi amọ̀ dí àárín òun àti ti àtijọ́. Kí òrùlé tuntun rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, kí páànù rẹ̀ sì yọ síta, kí omi má baà dà sára ògiri. Bí a bá fẹ́ balùwẹ̀, apá tuntun ni kí a fi sí, kí a sì fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. A kò bínú sí sìmẹ́ńtì. A kàn fẹ́ kí ó mọ ààyè rẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè wí pé ilé alámọ̀ ni ilé òtòṣì. Demas Nwoko, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi kọ́lé. Ní ọdún 1023 kọ́, ní ọdún 2023 tí ojú ti là yìí ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní ìlú Venice, nítorí iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ohun tí àwa ń tijú rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ń yìn.

Kí a má sì rò pé ìjọba nìkan ni yóò bá wa ṣọ́ ilé. Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, tí a kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855 ní ọ̀nà ìkọ́lé àwọn tí ó ti Bràsíìlì padà wá, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

A gba òmìnira ní 1960. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pariwo òmìnira lójúde, tí ó sì ń tijú ilé tí a ti bí i, òmìnira rẹ̀ kò tíì dé ilé. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó pe ẹni tí yóò wó ilé, ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé ẹbí. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà tí ó mọ bí a ti ń mọ ògiri, kí wọ́n fi han àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí ẹ̀mí wọn ṣì wà. Ẹ rántí pé àwọn tí ó kọ́ ilé náà, inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sùn sí.