Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn, Ta Ni Yóò Ṣí I?

Ìyá kan wà ládùúgbò wa nítòsí bọ́dà tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata àti ẹ̀wà jẹun. Ẹ̀rọ kékeré ni, epo bẹntiróòlù ló ń mu, lítà méjì sì ti tó o lóòjọ́. Nígbà tí àṣẹ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 pé ọkọ̀ epo kankan ò gbọ́dọ̀ já epo sí ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí bọ́dà, ilé epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wá di títì pa, koríko hù lẹ́sẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo. Ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà lọ ra epo lọ́nà jíjìn. Àlọ ò ní wàhálà, àbọ̀ ni ẹjọ́. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo kọjú sí bọ́dà, onífàyàwọ́ ni lójú àwọn tó fi okùn dí ọ̀nà. Bí ó ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń da epo sínú ìgò nìyẹn, tí wọ́n ń to ìgò sínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí kò ta ọjà òkùnkùn rí láyé rẹ̀, di onífàyàwọ́ nítorí ata lílọ̀.

Ìwé pẹlẹbẹ yìí kò sọ pé kí bọ́dà wà ní ṣíṣí gbayawu, kí olè àti ọlọ́jà máa bá ara wọn wọlé. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè. Àṣẹ yòówù tí ìjọba àpapọ̀ bá fi ti ọ̀nà mọ́ aráàlú, ìbáà ṣe nítorí ìbọn, nítorí ìrẹsì, tàbí nítorí àrùn, kí ó ní ọjọ́ tí yóò parí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọjọ́ kún ọjọ́, kí àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn dìbò sí i, kí a mọ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tó ní rárá. Ìdìbò ọdún 2027 ń bọ̀. Àwọn tó fẹ́ lọ jókòó l'Ábújá lórúkọ wa yóò gbé ìrẹsì àti ańkárá wá. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè èyí kí wọ́n tó padà sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ọjà àjùmọ̀ná gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ní Niamey. Kò pé oṣù méjì, lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti bọ́dà orí ilẹ̀. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí mẹ́rin: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfum. Wọ́n ní àwọn yòókù máa ṣí kí oṣù náà tó parí. Oṣù parí, ọdún yí, òmíràn tún yí. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ìwé àṣẹ tó dé fún bọ́dà Ìdírókò. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n ti bọ́dà ti ń sáré lọ ra àkàrà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, aṣojú-ṣòfin 360 àti aṣòfin àgbà 109 wà l'Ábújá. Wọ́n lè sọ̀rọ̀, àwọn kan sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó sọ ọ́ di dandan kí ìjọba wá bi wọ́n bóyá kí títì náà máa bá a lọ. Gómìnà náà ò lágbára kankan níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ bọ́dà wà lára ohun tí ìwé òfin fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù ni kò sẹ́ni tó bi. Láti ọdún 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà wọn, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹbí kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Oko wà lọ́hùn-ún, ilé wà níhìn-ín. Bí òkú bá sùn lọ́hùn-ún, àna níhìn-ín gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀ náà, inú igbó ni wọ́n gbà, wọ́n sì sanwó ọ̀nà fún ẹni tí kò ní ìwé owó.

Mo gbà pé ìjọba ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìbọn ń gba inú igbó wọlé. Ìrẹsì tí wọ́n ti fòfin de lórí ilẹ̀ láti ọdún 2016 ń wọlé lóru. Epo tí ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ sí lórí nígbà náà ń gba bọ́dà jáde lọ sí Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ta ni yóò ní irọ́ ni? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ epo yẹn gan-an. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti tán. Iye tí wọ́n ń ta epo níhìn-ín fò sókè, èrè fàyàwọ́ epo já wálẹ̀, epo inú ìgò lọ́hùn-ún sì di ọ̀wọ́n gógó. Inú gbogbo wa ò dùn sí bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní kí inú ẹnikẹ́ni dùn. Mo kàn ń fi hàn pé ìyàtọ̀ owó ló ń bọ́ fàyàwọ́. Bọ́dà tí wọ́n tì ò pa ìyàtọ̀ owó, ńṣe ló fi owó ọ̀nà lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ àrùn ló wá yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí Kòrónà dé Nàìjíríà, bọ́dà orí ilẹ̀ ti wà ní títì fún oṣù mẹ́fà. Ibo ló gbà wọlé? Ojú sánmà. Àlejò kan láti Ítálì bá bàlúù wọ Èkó lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2020, ó lọ sí Ewékorò, ọjọ́ 27 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní in. Ẹ̀ṣọ́ kún ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ohun tí à ń sá fún gba iwájú ilé wọlé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ a ti mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́. Oṣù Keje ọdún 2014, Ebola bá ọkùnrin kan láti Liberia wọ Èkó, bàlúù náà ló gbé e wá. A ò ti bọ́dà. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà ò ní jáde nílé ìwòsàn, àrùn náà sì pa òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá bọ́ sí ìgboro. Wọ́n kọ orúkọ èèyàn 894 tó ti fara kan ẹni tó ní in, wọ́n ń yà sílé wọn, wọ́n ń wọn ara wọn bóyá ó gbóná, ìbẹ̀wò náà sì tó bí 18,500. Èèyàn 20 ló kó o, mẹ́jọ kú, ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Nàìjíríà ti bọ́. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Òfin wo wá ni wọ́n lò ní 2020? Òfin ọdún 1926 ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé àrùn wá. Ẹni tó bá rú u, N200 ni owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Orí òfin yìí ni kónílé-ó-gbélé dúró lé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó parí, àwọn agbófinró ti pa èèyàn 18, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ìjọba fúnra rẹ̀ ṣe kéde. Nígbà tí wọ́n kéde yìí, èèyàn 12 ni àrùn náà tíì pa.

Síbẹ̀, ohun rere kan wà nínú kónílé-ó-gbélé tí kò sí nínú títì bọ́dà: ó ní ọjọ́. Ọjọ́ 14 ni wọ́n dá. Nígbà tó pé, Ààrẹ gbọ́dọ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin, kó ṣàlàyé ìdí tó fi ń fi 14 mìíràn kún un. Lọ́jọ́ 27 ó tún jókòó, ó ní òun máa dẹ okùn láti ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ tó wà nínú àṣẹ ló ń fà á wá síwájú wa. Lórí ọ̀rọ̀ Ìdírókò, kí ni ìbá fà á wá?

Ní ọjọ́ kejì sí ìyẹn, ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, Femi Gbajabiamila, gbé àbádòfin wá láti fi rọ́pò ti 1926. Kíkà kìíní àti kíkà kejì, ọjọ́ kan náà. Ẹ̀hónú gba ìgboro, wọ́n sì wá pe ìpàdé ìtagbangba ní oṣù Kẹfà. Mo fara mọ́ Gbajabiamila lórí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀: òfin 1926 ti gbó, ó ti ya. Ìdajì kejì ni mi ò fara mọ́. Àbádòfin náà gbé agbára ńlá lé ọ̀gá àjọ ìdènà àrùn lọ́wọ́, tó fi dórí kí wọ́n sọ ilé onílé di ibi ìyàsọ́tọ̀. Àbádòfin náà ò di òfin. Ṣùgbọ́n kò sí òfin mìíràn tó rọ́pò ti 1926 kí àrùn yẹn tó rọlẹ̀. A lé òmùgọ̀ jáde, a ò pe ọlọ́gbọ́n wọlé.

Ọ̀rọ̀ ogun ló fi hàn pé ohun tí mò ń bèèrè ṣeé ṣe. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, Tinubu kọ̀wé sí Ilé Aṣòfin Àgbà, torí abala karùn-ún ìwé òfin ò jẹ́ kí Ààrẹ dá nìkan kó ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi. Àwọn aṣòfin náà ní kí ECOWAS wá ọ̀nà mìíràn. Ogun ò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́dà Niger tí wọ́n tì, iná mànàmáná tí wọ́n gé, èyí ò gba ìbò ẹnikẹ́ni, oṣù Kẹta ọdún 2024 ni bọ́dà náà tó ṣí.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ ká tẹ̀ lé wà nínú ìwé òfin náà, ní abala 305. Bí Ààrẹ bá kéde pàjáwìrì, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin ilé méjèèjì fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ méjì bí wọ́n bá wà níjòkòó, ọjọ́ mẹ́wàá bí wọn ò bá sí. Oṣù mẹ́fà, ó parí, àfi bí wọ́n bá tún fi kún un. Ẹ ṣe èyí fún bọ́dà àti fún àrùn. Kí Ààrẹ ní ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, torí iná ò ní dúró de ìpàdé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dìbò, kí oṣù mẹ́ta jẹ́ òpin. Kí oúnjẹ, oògùn àti ẹni tó ń lọ sin òkú máa kọjá lójú ọ̀nà gidi. Kí ẹni tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ nítorí àrùn lè rí adájọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Kí ilé ìwòsàn àti ẹni tó ń lọ ata nítòsí bọ́dà rí epo rà.

Wọ́n máa sọ pé àwọn aṣòfin wa ò ju ẹni tó ń pariwo "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Wọ́n lẹ́rìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí pàjáwìrì dé Ìpínlẹ̀ Rivers, igbe ni wọ́n fi dìbò, wọn ò ka orí. Ìtìjú gbáà ni. Ìdí nìyẹn tí òfin tuntun fi gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì wo ohun tó tẹ̀ lé e: oṣù Kẹsàn-án, tí oṣù mẹ́fà pé, pàjáwìrì náà parí. Aṣòfin lè sùn, ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú òfin ò sùn.

Ilé epo ti ṣí báyìí, ìyá alọta yẹn sì ń lọ ata rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ àná ṣì wà lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú ìgò mẹ́fà tó ti gbẹ nínú rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe jù ú nù?" Ó ń fi omi ṣan ẹnu ẹ̀rọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ síbì kan pé àwọn ò ní tún tì í?"