Owó Ìjọba àti Ẹjọ́ Tí Ikán Ń Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ń gbé Òkè Ọya, lóṣù yìí, a fi ọ̀rọ̀ owó-ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ yín ṣì jẹ gbèsè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí a pa tàbí tí a fipá bá lò pọ̀ ni a fẹ́ sọ, tí ọlọ́pàá kọ orúkọ wọn sínú ìwé, tí ikán sì ti ń jẹ ìwé náà.

Ní 1984, Alec Jeffreys, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀nà tí a lè gbà fi àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní DNA mọ ènìyàn kan yàtọ̀ sí òmíràn, àfi àwọn ìbejì kan tí ó jọra pátápátá. Ní agbègbè náà, wọ́n ti pa ọmọbìnrin kan ní 1983, wọ́n tún pa òmíràn ní 1986. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin ọdún 17 kan, ọmọ náà sì jẹ́wọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, òun kọ́. Colin Pitchfork ló pa àwọn méjèèjì, ẹni tí ó ti bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kí ó lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ òun. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1988.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ di apànìyàn ni ẹ̀rí yìí kọ́kọ́ ṣe lóore. Àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ ohun tí èyí jẹ́. Bí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè?

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà yóò san owó mọ́tò. Ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ní 2009, wọ́n bá àpótí ẹ̀rí ìfipábánilòpọ̀ tí ó lé ní 11,000 nínú ilé ìkẹ́rùsí ọlọ́pàá, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ètò owó fún irú àpótí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ya owó mìíràn sọ́tọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, láti fi DNA gbé ẹjọ́ ìwà ipá àtijọ́ dé kóòtù. Èyí kejì ni ó wù wá jù. Àyẹ̀wò tí kò dé iwájú adájọ́, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí òfófó? Ẹlẹ́rìí ti kó lọ, ọlọ́pàá tó kọ ìwé ti fẹ̀yìn tì. Owó ni a fi ń wá wọn kàn. Ní California, arúgbó ọdún 72 ni Joseph James DeAngelo nígbà tí DNA tú u fó ní 2018. Ní 2020 ó jẹ́wọ́ ìpànìyàn 13.

Nílé ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já ní Èkó ní June 2012, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kó ohun àyẹ̀wò lọ kí a lè mọ òkú ta ni ta ni. Ní 2017, Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ sílẹ̀, inú wa sì dùn. Ní October 2020, nínú rògbòdìyàn ìgbà EndSARS, àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́.

Àwa kò ní kí ìjọba fi ilé aláràbarà bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ náwó sí títọ́jú ẹ̀rí. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó dì í. Inú bébà ni à ń dì í sí, nítorí inú ọ̀rá ni ó ti ń hu. Kí a sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gbà á sí i lára. Èló ni bébà? Síbẹ̀ a mọ àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti ká irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀rá, tí wọ́n jù ú sábẹ́ tábìlì níbi tí òjò ti ń jò.

Àwọn bàbá kan nínú wa ní kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sùn, àlejò ni wá. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Kaduna ní 2000 àti ti Jos ní 2001, onílé sin òkú, àlejò sin òkú. Ìyá Hausa tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ mọ ẹni tó pa á gẹ́gẹ́ bí ìyá tiwa.

Akọ̀wé yóò ka ìwé ẹ̀bẹ̀ wa sí Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìdájọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní irú ẹjọ́ yìí nínú ìdílé rẹ̀, kí ó mú nọ́ńbà tí ọlọ́pàá fún un wá. Bí aṣọ ẹni náà bá ṣì wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́.