Ẹ fi Màmá àgbà sílẹ̀, omi yín ni kò tíì gbó

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ẹja yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ní àgbàlá kan ládùúgbò wa, baba kan ra àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló gbé e wálé. Ó pọn omi ẹ̀rọ kún un, ó ki ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi bọ iná, kí wọ́n sì tó pe ìrun àṣálẹ́, ẹja pupa mẹ́wàá ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń jó. Ní Ọjọ́rú, mẹ́ta ti léfòó. Kí a tó kírun Jímọ̀, kò ku ẹyọ kan.

Ta ló pa wọ́n? Màmá tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dárúkọ. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú ló dúró síwájú gíláàsì náà tó ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹwà!", tí kò sì sọ MashaAllah. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó ilé kì í kí i mọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Nítorí ẹja!

Mùsùlùmí ni mí, mo gbà pé ojú wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dárúkọ ojú, ẹ kọ́kọ́ wo omi.

Bí ẹja bá ń jẹun, á máa yàgbẹ́, ara rẹ̀ á sì máa tú májèlé kan tí wọ́n ń pè ní amóníà sínú omi. Nínú odò, omi pọ̀, àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí ojú kò lè rí sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ májèlé náà. Àwọn kan ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà ń pa ẹja nítorí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ kọfí, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn á tún gba nitrite yẹn, wọn á sọ ọ́ di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Kì í ṣe ìtàn tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1890 ni Sergei Winogradsky, tí wọ́n bí ní Kyiv, ti yà àwọn abẹ̀mí wọ̀nyí sọ́tọ̀ tó sì fi iṣẹ́ wọn han ayé.

Nínú àpótí tuntun, kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Ilé tuntun tí kò ní ṣáláńgá ni, ẹ wá kó àlejò mẹ́wàá sínú rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ń fún wọn lóúnjẹ nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Ṣé ó tún yẹ kí a wá ẹni tó pa wọ́n kiri?

Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn abẹ̀mí yẹn tó pọ̀ tó. Ooru Parakou ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di ọjọ́ mẹ́fà. Lásìkò yìí, ẹ má fi ẹja kankan síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kí ẹ sì máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀. Oúnjẹ yẹn á jẹrà, á di amóníà, òun sì ni oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ ń dúró dè.

Bí ẹ bá fẹ́ kó yá, ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń ṣe ògì. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá bu omi ògì àná sí ti òní, kì í pẹ́ kan. Àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ẹ gba fóòmù inú ẹ̀rọ ẹni tí ẹja rẹ̀ ti pẹ́ láyé, ẹ gbé e sínú tiyín ní tútù, kó má gbẹ lọ́nà.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi dá mi lóhùn. Ẹ ní ẹja àrọ̀ wà nínú bàsíà lọ́jà Arzèkè, omi rẹ̀ dúdú bí ẹrẹ̀, kò sì kú. Òótọ́ ni. Àrọ̀ ní ohun kan lára tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ẹ ṣáà rí i bó ṣe ń yọ ẹnu síta. Ẹja pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ìfaradà àrọ̀ wọn gbogbo ẹja.

Àwọn mìíràn ní àwọn ń fọ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n fi Omo àti javel fọ fóòmù, ó mọ́ tónítóní. Ẹ ṣeun o! Gbogbo òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gba ẹja yín là lẹ fọ dànù yẹn. Omi inú àpótí náà ni kí ẹ bù sínú garawa, kí ẹ fún fóòmù nínú rẹ̀ díẹ̀, kó tó. Omi SONEB tí a ń mu, láti odò Okpara ló ti ń wá, wọ́n sì ń fi kiloríìnì pa àrùn inú rẹ̀. Ó dára fún wa, ṣùgbọ́n ó ń pa àwọn abẹ̀mí yẹn, ó sì ń jó ẹja. Ẹ bù ú sí bàsíà, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lò ó.

Ẹni tó ti fi ẹja sí i ná ńkọ́? Kó dín oúnjẹ kù, kódà ọjọ́ méjì-méjì kò burú. Kó máa pààrọ̀ bí ìdá mẹ́rin omi náà lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí iná bá lọ, kó máa fi ife bu omi kó máa dà á padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ní oṣù Mẹ́ta sí ìkẹrin, nígbà tí ooru bá mú, èyí ṣe pàtàkì jù, nítorí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá sì pé, ẹja kéékèèké mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹja pupa máa ń tóbi, ó sì lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kì í ṣe ẹja inú abọ́ róbótó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí jù. Ẹ mọ̀ pé omi náà kò tíì gbó, ẹ sì ń ta àpótí àti ẹja fún ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá kú, ó padà wá ra òmíràn. Ẹ̀yin lẹ jèrè, Màmá ló jẹ̀bi.

Fóòmù tó ti gbó wà nílé mi, n kò tà á. Baba tí mò ń sọ yìí mọ ara rẹ̀. Tó bá fẹ́ gbà á, kó kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí Màmá, kó sì jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀.