Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Kì Í Ṣe Ọ̀dà Lásán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ tinú mi lórí ọ̀rọ̀ pápá ọkọ̀ òfurufú tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ń kọ́, tí wọ́n ní yóò máa kó àlejò wá wo òkè àti odò wa.

Ní Mákòkó níbí, orí omi ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Bí apẹja bá gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀, tí ilẹ̀ ṣú tí a kò rí i, kò sẹ́ni tí yóò ní ká dúró de ìjọba. Àwọn aládùúgbò á gbé àtùpà, wọ́n á wá a lọ. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2008 kò fi kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún náà, bàálù kékeré kan gbéra l'Ékòó níbí, ó ń lọ sí pápá Bebi ní ìpínlẹ̀ Cross River. Pápá yìí ni wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́ ní Obudu, orí òkè tútù tí wọ́n ti ń sin màlúù láti 1951. Bàálù náà kò dé Bebi, kò sì padà s'Ékòó. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Òpin oṣù kẹjọ ni àwọn ọdẹ tó rí àfọ́kù rẹ̀ nínú igbó orí òkè. Kò sẹ́ni tó yè. Oṣù márùn-ún ó lé! Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ara yín sípò ìyàwó àti ọmọ àwọn tó bá a lọ. Wọn kò rí òkú sin, wọn kò sì lè sọ pé ẹni àwọn ń bọ̀.

Mi ò ní ká má kọ́ pápá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tó ń wu àlejò gan-an ló ń ṣòro fún bàálù: òkè gíga, ìkùukùu, òjò, ọyẹ́. Ní ilẹ̀ Nepal, pápá Lukla, tí wọ́n kọ́ ní 1964, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ sí òkè Everest ń gbà. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ dá gbé bàálù lọ síbẹ̀, àfi bó bá ti bá ẹni tó mọ ibẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìkùukùu bá sì bo òkè, kálukú á jókòó. Síbẹ̀ náà, jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ṣí pápá Adó-Èkìtì ní oṣù kẹwàá 2022, ní ìpínlẹ̀ kan náà tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ní Ìkógòsì. Pápá Àkúrẹ́ ló sún mọ́ òkè Ìdànrè tó ní àtẹ̀gùn 660. Agbègbè olókè ni gbogbo ibẹ̀.

Nítorí náà, mo bi àwọn aláṣẹ: ẹ̀rọ wo ló ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀ nígbà tí ojú kò bá ríran? Bí bàálù bá pẹ́, ta ni yóò kọ́kọ́ figbe ta, láàárín ìṣẹ́jú mélòó? Láti oṣù kejì 2009 ni sátẹ́láìtì kò ti gbọ́ igbe ẹ̀rọ ìkéde jàǹbá ti àtijọ́ mọ́. Ṣé tuntun ló wà nínú gbogbo bàálù tó ń balẹ̀ síbẹ̀? Ṣé ẹ ti bá àwọn ọdẹ àti baálẹ̀ abúlé ìtòsí sọ̀rọ̀? Ọdẹ ló rí ti Obudu. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n máa pè.

Ẹnìkan lè ní mọ́tò ń pa ènìyàn ju bàálù lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá dànù lọ́nà Ìbàdàn, èrò ọ̀nà á rí i. Ta ni yóò rí ti orí òkè?

Ọ̀dà dídà kò le, ríbọ́ọ̀nù gígé kò le. Ẹ yọ nínú owó náà fún ààbò àti fún wíwá ẹni tó bá sọnù. Bí apẹja Mákòkó bá ní ẹni tí yóò wá òun, ó yẹ kí ẹni tó wọ bàálù náà ní.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọmọ Apẹja,
Mákòkó, Yábàá, Èkó.