Ẹ jẹ́ ká gbádùn omi kí ọyẹ́ tóó dé

Bí oṣù Ọ̀wàrà bá ti ń lọ sópin, tí Bélú ń yọjú, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu òyìnbó tó lọ́kọ̀ ojú omi nílẹ̀ England àti lẹ́nu ọmọ Ìgbómìnà tó mọ ọ̀nà omi Ayíkúnnúgbá l'Ókè-Ìlá. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ju pé, 'Ẹ jẹ́ ká tètè lọ, kí àsìkò yìí tóó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.' Òyìnbó ń sá fún yìnyín, ọmọ Ìgbómìnà ń sá fún ọyẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú ń sá fún o, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló sì ń wọ́n lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro wa, láti Èkó dé Ìbàdàn, títí dé Òṣogbo.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ná. Nílẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ni ewé igi ti máa ń pọ́n, tí yóò sì máa wọ́ dànù. Tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n á ti dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, òòrùn á sì máa tètè wọ̀. Nígbà tó bá fi di oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lásán, ilẹ̀ ti ń ṣú ní London. Èèyàn á rò pé ẹni tó bá lọ́kọ̀ ojú omi á ti tì í mọ́lé tipẹ́. Rárá o! Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wá Sátidé kan ṣoṣo tí òjò ò ní í rọ̀, kí wọ́n lè ta ìgbòkun wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkun kì í tètè tutù bí ilẹ̀, ooru tó gbà sára nígbà tí òòrùn ń mú ṣì wà nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ dáadáa, èrò á sì ti dín kù lójú omi, torí àwọn tó kàn wá ṣe fáàrí nígbà ooru ti padà sílé wọn. Wọ́n á wọ súwẹ́tà méjì léra, wọ́n á rọ tíì gbígbóná sínú fúláàsì, wọ́n á dé fìlà òtútù, ó dojú omi.

Tí wọ́n bá ti darí dé, iṣẹ́ dé nìyẹn. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ náà kúrò lómi, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á sì fi igi tì í lọ́tùn-ún lósì kó má baà ṣubú. Wọ́n á ha ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ kúrò. Ìgbòkun, wọ́n á tú u, wọ́n á fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, wọ́n á sá a kó gbẹ kanrankanran, torí bí wọ́n bá ká a ní tútù, ṣe ni yóò bu. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá di yìnyín, ó máa ń wú, ó máa ń fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 tóbi ju bó ṣe wà lọ, irin ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wú bá a. Omi díẹ̀ tó bá kù sínú ẹ́ńjìnnì lè fọ́ ẹ́ńjìnnì olówó ńlá yángá. Wọ́n á fa omi náà gbẹ, tàbí kí wọ́n da oògùn tí kì í jẹ́ kó dì sí i. Wọ́n á tú bátìrì lọ sílé, wọ́n á da tapólì bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ló rò pé iṣẹ́ ọlọ́lá nìyẹn, pé ẹni tó bá lówó tó ń rùn ló lè ṣe é. Lóòótọ́, olówó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n tíṣà wà níbẹ̀, káfíńtà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré tó ti gbó ni wọ́n rà, táwọn ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta sì dáwó jọ tọ́jú. Ohun tí wọ́n fi ju ọ̀pọ̀ wa lọ kì í ṣe owó. Wọ́n mọ̀ pé àsìkò á tilẹ̀kùn, wọ́n sì mú ọjọ́ kan nínú iṣẹ́ wọn fún ara wọn kó tóó tì í.

Nílé wa níbí náà, ìgbòkun kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ẹni tó bá ń gba orí bíríjì Third Mainland kọjá l'Ékòó, tó bá wo apá ọ̀sà dáadáa, á rí àwọn apẹja Ègùn Mákòókò tí wọ́n fi àpò tí wọ́n rán pọ̀ ta ìgbòkun. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ máa ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sójú omi, tó bá di ọ̀sán, á yí padà, á máa ti ojú òkun bọ̀ wá sílé. Afẹ́fẹ́ táwọn baba wọn mọ̀ nìyẹn, kò gba bẹntiróòlù. Àwọn òyìnbó pàápàá dá ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun tiwọn, Lagos Yacht Club, sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1932. Yìnyín ò sí lọ́dọ̀ wa, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń dààmú pé ẹ́ńjìnnì á fọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò wà. Òjò ní tiẹ̀, ọyẹ́ ní tiẹ̀.

Tó bá wá kan Ìlá-Ọ̀ràngún, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí ọ̀sà n'Ílàá, kò sí òkun. Àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ igi gbẹ́, ta ni ò gbọ́ orúkọ Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, tí ọwọ́ ẹ̀ gbẹ́ igi tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, tó sì kú lọ́dún 2009? Àmọ́ ère àti ilẹ̀kùn àti òpó ààfin ni igi tiwọn ń dà, kì í dọkọ̀. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti wakọ̀ lójú omi n'Ílàá, á wá a tì.

Omi tiwọn wà l'Ókè-Ìlá, tí kò jìnnà. Ìtàn táwọn àgbà ń sọ ni pé ọmọ ìyá kan náà ni ìlú méjèèjì, pé Ìlá-Yàrà ni wọ́n jọ wà tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ oyè tóó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ọba méjì, tí kálukú fi kó èèyàn ẹ̀ gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dòní olónìí, Ọ̀ràngún wà n'Ílàá, Ọ̀ràngún sì wà l'Ókè-Ìlá. Òkè-Ìlá yìí, tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀, òkè àti àfonífojì ló yí i ká, láàárín àwọn òkè yẹn ni omi Ayíkúnnúgbá ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta.

Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀ gidi, lóṣù keje tàbí ìkẹsàn-án, omi á pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á máa yọ̀, ẹrẹ̀ á mu bàtà, àpáta á dà bí ọṣẹ. Ẹni tó bá dúró di oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti fá gbogbo nǹkan gbẹ, ọ̀nà á dáa, ṣùgbọ́n omi á ti rù. Àárín méjèèjì ló dùn. Tí Ọ̀wàrà bá ti ń parí, tí Bélú wọlé, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọ̀nà ti ń gbẹ, omi sì wà níbẹ̀. Ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Òtútù òwúrọ̀ kò tíì máa la ètè. Bó ṣe rí fún òyìnbó tó wọ súwẹ́tà méjì yẹn ló ṣe rí níbí náà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, á sì lọ.

Àmọ́ ẹ wo Bàbá Ìbejì. Irú wọn pọ̀ l'Ékòó ju iyanrìn lọ. Ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n, ọdún kejìlélógún rèé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, wọn ò fojú kan omi Ayíkúnnúgbá rí. Tí wọ́n bá lọ sílé, ìsìnkú ni, tàbí ìwúyè. Alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n á wọlé, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n á jẹun òde, ìdájí Sannde ni wọ́n ti wà lójú títì.

Ìyá Ìbejì ní, 'Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, tá a bá délé lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọmọ yìí lọ wo omi yẹn.'

Bàbá Ìbejì ní, 'Ìyá Ìbejì, tó bá yá.'

'Bẹ́ẹ̀ lẹ wí léṣìí.'

'Ìwọ náà wò ó, ṣé omi máa sá lọ ni? Jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì ná. Tí n bá ti gba owó mi, ojoojúmọ́ la ó máa lọ.'

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Omi ò ní í sá lọ lóòótọ́. Ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ máa fi gun òkè ni mò ń rò o. Èyí tẹ́ ẹ ń fi pákó tì lálaalẹ́ yìí?'

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń rí sí ìlera lágbàáyé, WHO, àti àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó 55 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 wákàtí lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á náà fi ìdá 17 lé. Wọ́n ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2016 nìkan, iṣẹ́ àṣejù pa nǹkan bí 745,000 èèyàn káàkiri ayé. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin láti Ìkòròdú tàbí Sango, tó ń wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ jẹ́ kó ka iye wákàtí tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka gósìlóò mọ́ ọn. Òun náà á rí i pé 'tó bá yá' kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ sí.

Ẹnì kan lè ní owó ọkọ̀ dà, owó oúnjẹ dà, nǹkan le nílùú. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ra aṣọ ẹbí mẹ́rin lọ́dún fún òkú ẹni tí wọn ò mọ̀ dáadáa. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo nínú ẹ̀ lè ràn èèyàn lọ́wọ́ gidi nínú ìnáwó ọjọ́ kan fún ọkọ àti ìyàwó àti ọmọ. Bó sì jẹ́ ìsìnkú náà ló gbé èèyàn délé, ọjọ́ kan péré ló fi máa pẹ́ sí i. Ẹ gbé àkàrà àti ẹ̀kọ dání. Ẹ gbé omi mímu. Ẹ má gbàgbé àpò tẹ́ ẹ máa kó ọ̀rá àti agolo yín padà sí, torí ẹni tó bá fi pọ́ò-wọ́tà sojú omi lọ́dún yìí, á bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wá ṣọ́ra o. Omi kì í mọ olówó. Ẹ má dá lọ, ẹ mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà, ẹ má gun orí àpáta tó tutù, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé bọ́ sínú omi tí ẹ ò mọ ìjìnlẹ̀ ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí òkè ṣú, kódà bí kò bá tíì kán níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ bọ́ sókè kíá, torí òjò tó rọ̀ lókè réré lè mú omi kún wàì nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ wọ̀ ní tiyín l'Ékòó, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó, ẹ sì má ṣe wọkọ̀ lálẹ́. Ẹ rántí ti Patigi, ní ìpínlẹ̀ Kwara tó bá Ìlá pààlà, lóṣù kẹfà ọdún 2023. Ìyàwó ni wọ́n lọ gbé, ọkọ̀ pákó kan ṣoṣo ni wọ́n kún lóru bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, èèyàn tó lé ní 100 ló bómi lọ. Ìgbádùn tí kò bá gbé èèyàn padà sílé, ìgbádùn kọ́ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti dé, kẹ́ ẹ wá ṣe bí ọlọ́kọ̀ yẹn. Ẹ fọ bàtà òjò, kẹ́ ẹ sá a. Ẹ ká agbòjò tó ti gbẹ. Ẹ wo páànù tó ń jò kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tóó bá yín lójijì. Ẹ wá òrí, ẹ yọ súwẹ́tà àwọn ọmọ, nítorí oṣù Ọ̀pẹ̀ ń bọ̀, ọyẹ́ sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wo òyìnbó tó ń da tapólì bo ọkọ̀ ẹ̀ yẹn dáadáa, kì í fajúro. Ó ti jẹ tiẹ̀ nínú ọdún náà tán kó tóó dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò wakọ̀ ẹ̀ rárá, tó wá ń bò ó mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, òun ló ń sanwó ìtọ́jú fún ohun tí kò jẹ àǹfààní ẹ̀.

Bí Bélú bá ti wọlé, Bàbá Ìbejì, ẹ dìde ńlẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣì ń gbé yín. Omi sì ń já.