Ta Ló Ń Ṣọ́ Kùkùté?

“Shǒu zhū dài tù”: ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré làwọn ará Ṣáínà fi ń bú ẹni tó káwọ́ gbera, tó ń retí oríire. Ehoro kan sáré kọlu kùkùté lóko, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó kú. Ni àgbẹ̀ bá ju ọkọ́ sílẹ̀, ó jókòó ti kùkùté, ó ń retí òmíràn. Kò rí nǹkan kan. Wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n Han Fei, tó kú ní ọdún 233 ṣáájú ìbí Kristi, kò torí ọ̀lẹ kọ ìtàn yìí. Àwọn tó fẹ́ fi ìlànà ọba àtijọ́ ṣàkóso èèyàn òde òní ló ń bá wí. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ibẹ̀ gan-an ló ká mi lára. Kí àgbà tó fi òwe yìí bú ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́, kó kọ́kọ́ bi àwọn aṣòfin: ọdún mélòó lẹ ti ń ṣọ́ kùkùté yín?