Òfin Oògùn Oko: Kí Ìjọba Fi Èdè Wa Bá Àgbẹ̀ Sọ̀rọ̀

Ó tó àkókò wàyí kí a sọ òtítọ́ fún ìjọba àti fún ara wa lórí ọ̀ràn oògùn tí a ń fín sí oko. Àjọ NAFDAC, tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de paraquat, oògùn apakoríko, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Àjọ náà dá ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún kan náà fún òpin chlorpyrifos tí a fi ń pa kòkòrò, ó sì dá ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 fún òpin atrazine, tí àwọn àgbẹ̀ àgbàdo mọ̀ dáadáa. Ṣáájú èyí, ní ọdún 2019, ó ti fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré ọlọ́gọ́rùn-ún mìlílítà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sniper.

A fara mọ́ àwọn òfin wọ̀nyí tọkàntọkàn. Ẹni tí ó bá gbé paraquat mì, ìbáà ṣe ẹnu kan péré, inú ewu ikú ni ó wà, nítorí kò sí oògùn tí ń pa oró rẹ̀. Àwọn àgbà inú wa kò sì tíì gbàgbé Gammalin 20, tí a fi ń gbógun ti kòkòrò inú oko kòkó ní ìgbà kan, tí àwọn aláìbìkítà sì ń dà sínú odò láti fi pa ẹja. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi lindane, tí í ṣe oró inú rẹ̀, kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ pa rẹ́ kúrò láyé.

Ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́. Àbújá ni òfin ti ń jáde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ ọ́. Ìlànà ara ìgò pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni, ní lẹ́tà wínníwínní. Báwo ni àgbẹ̀ Ìdànrè tàbí ti Ṣakí yóò ṣe mọ̀ pé paraquat ni ó wà nínú gálọ́ọ̀nù tí ó rà, nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni ó wà lójú rẹ̀ gàdàgbà?

Ìpalára àìmọ̀ yìí kò mọ sí ara àgbẹ̀ nìkan. Ó ń ba ọjà wa jẹ́ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tí ń ti Nàìjíríà wá, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀: láti 0.03 dé 4.6 mìlígíráàmù nínú kílò kan, nígbà tí òfin wọn kò gbà ju 0.01 lọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni wọ́n sì ti ń yẹ kòkó wò fún ìyókù oògùn bákan náà.

Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti dáàbò bo ikùn àwọn ọmọ wọn. Síbẹ̀, a ní ìbéèrè kan láti bi wọ́n. Ní ọdún 2007 ni ilé ẹjọ́ Yúróòpù fagi lé àṣẹ tí ó gba paraquat láàyè lọ́dọ̀ wọn. Kí ló dé tí a tún fi ń ṣe é ní Huddersfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí a ń kó o lọ fún àgbẹ̀ ilẹ̀ mìíràn? Ẹni tí ó bá kọ májèlé fún ọmọ tirẹ̀, tí ó sì ń tà á fún ọmọ ẹlòmíràn, kò lè pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Èkíní, kí a kọ orúkọ oró, bí a ti ń lò ó àti ewu rẹ̀ ní Yorùbá gàdàgbà sára gbogbo ìgò tí a ó tà ní ilẹ̀ wa. Èkejì, kí a rán olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí àwọn abúlé, kí ìmọ̀ tí ó wà ní Ilé Ìwádìí Kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lè dé oko. Ẹ̀kẹta, kí a ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lórí owó lébìrà. Bí a bá gba apakoríko lọ́wọ́ bàbá arúgbó, àdá àti ọkọ́ nìkan ni ó kù fún un, agbára rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, iṣẹ́ wà fún àwa náà. Ẹ má rọ oògùn oko sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọdé. Ẹ má fi gálọ́ọ̀nù rẹ̀ rọ epo tàbí pọn omi. Ẹ má fín òtàpíàpíà sí ẹ̀wà. Bí ẹ bá sá a gbẹ dáadáa, tí ẹ sì dì í sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tàbí kẹ́ẹ̀gì tí a dé pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú láìsí oró. Ẹ máa já kòkó tí ó bá ti rà kúrò lórí igi, kí ẹ sì gé ẹ̀ka tí ó dí kí atẹ́gùn lè wọlé.

Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ka ọ̀rọ̀ yìí sókè ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tí a ṣì ń tà ní ọjà àdúgbò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kí a lè gbé e lọ síwájú ìjọba. Ilẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn baba wa, àwọn ọmọ wa ni yóò jogún rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi oró lé wọn lọ́wọ́.